Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa ní Rẹ́mọ, Lórí Ọ̀rọ̀ Ẹ̀bi

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Láti ọjọ́ tí àṣírí ọ̀dọ́mọkùnrin alájọ yẹn ti tú ní ọjà Ṣàgámù ni n kò ti fojú kan oorun dáadáa, kì í sì í ṣe owó tó kó jẹ ló ń dùn mí jù. Ìyá aláta kan na káàdì rẹ̀ sí mi, mo sì rí i bí ọmọ náà ṣe fi bírò pupa sàmì sí i lójoojúmọ́, láìfo ọjọ́ kan, bẹ́ẹ̀ ó ti fi owó náà ta tẹ́tẹ́ tán láti oṣù méjì sẹ́yìn. Nígbà tí a pè é jókòó, ó ní iṣẹ́ èṣù ni, ó ní àwọn ọ̀rẹ́ ló kó bá òun, ó ní ìpolówó tẹ́tẹ́ kò jẹ́ kí fóònù òun sinmi. Kò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo pé, "Èmi ni mo ṣe é." Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn.

Ọmọ ọdún 11 ni mí nígbà tí mo wà lọ́dọ̀ ìyá mi àgbà tó ń ta obì gbànja. A máa ń rẹ obì sómi, a ó bó awọ funfun ara rẹ̀, a ó fọ̀ ọ́, a ó sì jẹ́ kí omi gbẹ lára rẹ̀ kí a tó dì í sínú agbọ̀n tí a tẹ́ ewé sí, fún àwọn Hausa tó ń rà á ní Sábó. Iṣẹ́ tèmi ni láti ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀. Lọ́jọ́ kan tí eré ń pè mí, mo da èyí tí kòkòrò jẹ sí ìsàlẹ̀ agbọ̀n, mo sì fi obì tó dára bò ó lórí. Nígbà tí oníbàárà dá agbọ̀n náà padà, ọmọ ọ̀dọ̀ tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ni wọ́n nà. Mo dúró síbẹ̀, mo ń wo ẹsẹ̀ mi.

Òfin ìwà ọ̀daràn tí ìjọba amúnisìn gbé kalẹ̀ ní 1916 sọ pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 7 kò lè jẹ̀bi ọ̀ràn, àti pé èyí tí kò tíì pé ọdún 12 kò jẹ̀bi, àfi bí wọ́n bá fi hàn pé ó ní òye tó lè fi mọ̀, lásìkò tó ń ṣe é, pé kò yẹ kí òun ṣe é. Ká ní wọ́n gbé mi dé kóòtù lọ́jọ́ náà, obì rere tí mo fi bo èyí tó bàjẹ́ ti tó wọn lẹ́rìí. Bírò pupa inú káàdì ìyá aláta ni obì rere ti alájọ yìí.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pariwo èṣù sí mi létí mọ́! Mo gbà pé àwọn onítẹ́tẹ́ ní ẹ̀bi tiwọn, mo sì gbà pé àwa àgbà tí a fi owó ọjà lé ọ̀dọ́ lọ́wọ́ láìyẹ ìwé rẹ̀ wò ní ẹ̀bi tiwa, mo ti sọ bẹ́ẹ̀ níwájú àwọn ìyá ọlọ́jà. Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe ẹran iléyá, tí ìpín ẹnìkan yóò fi máa kéré sí i bí àwọn tó ń jẹ nínú rẹ̀ bá ṣe ń pọ̀ sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ lọ da igbá ìyá tó bí ọ̀dọ́mọkùnrin náà nù lọ́jà ńkọ́? Ìka tó ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Ìyá yẹn kò fọwọ́ kan káàdì ẹnikẹ́ni.

N kò ní kí ẹ máa di ẹrù tí kì í ṣe tiyín. Bí ọmọdé bá já lu ọkọ̀ rẹ lójijì lọ́nà Ìkẹ́nnẹ́, tí o sì ń rọra wakọ̀, ìbànújẹ́ ni yóò jẹ́ fún ọ, ẹnikẹ́ni kò sì gbọdọ̀ dá ọ lẹ́bi. Ẹ má sì pa ìtìjú pọ̀ mọ́ ẹ̀bi, torí ìtìjú ń dúró de ojú ayé. Ojú kankan kò rí mi nídìí agbọ̀n ọjọ́sí, síbẹ̀ igbe ọmọ ọ̀dọ̀ náà kò kúrò létí mi. Ó ti padà sí ìlú wọn kí n tó lè la ẹnu sọ òótọ́. Mo wá a títí nígbà tí mo dàgbà, n kò rí i.

Ẹlẹ́jọ́ tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Bí ẹ bá rí alájọ náà, ẹ sọ fún un pé kó má wá bẹ̀ mí mọ́. Ìyá aláta wà ní ìsọ̀ rẹ̀ láràárọ̀, káàdì náà sì wà létí aṣọ rẹ̀ níbi tó so ó mọ́. Kó lọ dọ̀bálẹ̀ fún un, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe, kó sì sọ iye tí yóò máa san lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, nítorí òun ṣì mọ ibi tó ti lè rí ẹni tí òun ṣẹ̀.

Èmi ni bàbá yín,
ní Ṣàgámù.