Eruku ọyẹ́ kì í ṣe yanrìn

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́, ẹ sì kú ọyẹ́ o.

Mo ka ohun tí ìwé ìròyìn yín kọ lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn, pé yanrìn aṣálẹ̀ Sàhárà ni atẹ́gùn ń gbé wá bá wa lásìkò yìí. Ẹ jọ̀ọ́, yanrìn kọ́. Sabon Gari ní Kánò níbí ni wọ́n bí mi sí, àwọn òbí mi ló wọ rélùwéè wá láti Ọ̀fà. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo fi kọ́ àwọn ọmọ ní jọ́gíráfì kí n tó fẹ̀yìn tì. Mi ò lè ka irú rẹ̀ kí n dákẹ́.

Lọ́jọ́ tí hazo bá bolẹ̀ (bẹ́ẹ̀ ni àwọn Háúsá ń pe kùrukùru eruku yẹn), mi kì í kọ nǹkan kan sójú pátákó. Màá ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan lọ fi ìka nu ojú fèrèsé, kó wá fi àtàǹpàkò ra á. Yanrìn a máa ha èèyàn lọ́wọ́. Èyí ń yọ̀ bí àtíkè ni. Yanrìn wúwo, kì í rìn jìnnà síbi tó ti dìde. Lẹ́búlẹ́bú ló lè rin ìrìn tó ju ẹgbẹ̀rún kìlómítà lọ kó tó wá bà sórí tábìlì mi.

Ibi tí èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá ni wọ́n ń pè ní Bodélé, lápá àríwá orílẹ̀-èdè Chad. Ìsàlẹ̀ adágún ni ibẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ní nǹkan bí 7,000 ọdún sẹ́yìn, òjò ń rọ̀ dáadáa ní Sàhárà, adágún Chad sì tóbi débi pé ó ju ìdá kan nínú mẹ́ta ilẹ̀ Nàìjíríà lọ. Àwọn ewéko tín-ín-tín kan ń gbé inú omi náà, ojú lásán kò lè rí wọn, ìkarahun wọn sì rí bíi gíláàsì. Bí wọ́n ṣe ń kú ni ìkarahun wọn ń rọ̀ sísàlẹ̀, tó ń gorí ara wọn. Nígbà tó yá, òjò fà sẹ́yìn, omi gbẹ, ilẹ̀ funfun ló kù. Òkè Tibesti wà lápá kan ibẹ̀, Ennedi wà lápá kejì. Atẹ́gùn tó bá fẹ́ gba àárín wọn kọjá á le sí i, bí omi ṣe ń tú jáde lẹ́nu rọ́bà tí a fọwọ́ fún, á sì máa bu ilẹ̀ funfun yẹn lọ.

Ohun tí à ń fi àkísà nù lórí àga láàárọ̀ nìyẹn: òkú ohun tó gbé inú omi kí Kánò tó wà.

Ẹ tún ní àìsàn nìkan ló ń kó wá. Ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún méje, mímí máa ń ni ín lára gan-an, kì í jáde láìbo imú látoṣù Kejìlá títí dé Kejì. Mi ò fojú kékeré wo ìyẹn láé. Ṣùgbọ́n ilẹ̀ tí wọ́n ń gbin ọkà sí láti Kánò dé Zaria, eruku yìí wà nínú ohun tó dá a, láti ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún. Òjò a máa fọ oúnjẹ inú ilẹ̀ lọ, ọyẹ́ a sì máa dá díẹ̀ padà lọ́dọọdún. Kódà, òmíràn nínú rẹ̀ a máa kọjá lórí òkun dé igbó Amazon ní Gúúsù Amẹ́ríkà.

Ẹ̀bẹ̀ mi ni pé kí ẹ ya àwòrán ilẹ̀ yẹn sójú ewé àwọn ọmọdé, kí ẹ kọ Tibesti, Ennedi àti Bodélé sí i gàdàgbà. Ìwé ìròyìn yín ni ọ̀pọ̀ wa lókè ọya níbí fi ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá kíkà. Kí ẹ sì sọ fún wọn kí wọ́n lọ fi ìka nu ojú fèrèsé.

Èmi ni,
Ìyá Bọ́lájí,
Sabon Gari, Kánò.