Ẹ wọn ohun tí ọmọ jẹ kí ẹ tó kọ ọ́ sílẹ̀

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo ka ìròyìn yín lórí oúnjẹ àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ nílé àwọn tí kò rí já jẹ, níbi tí àwọn olùwádìí ti ń bi ìyá léèrè ohun tí ọmọ rẹ̀ jẹ lánàá. Bíbi ìyá léèrè nìkan kò tó. Ìyá tó ń ta ata ní Sábó á ní ọmọ òun jẹ ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín lánàá, kò sì purọ́. Ṣùgbọ́n mo ti jókòó ti irú abọ́ bẹ́ẹ̀ rí: ẹ̀gbọ́n ló kó mọ́ínmọ́ín jẹ, ẹ̀kọ nìkan ló kan àbúrò, ìdajì rẹ̀ sì dà sílẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí ọmọ oṣù 6 sí 23 jẹ ó kéré tán ìsọ̀rí oúnjẹ (bí ẹ̀wà, ẹyin tàbí èso) 5 nínú 8 lóòjọ́. Ṣé a ó ka ẹ̀wà ṣíbí kan péré náà sí ìsọ̀rí kan? Ìyá àgbà tó ń bọ́ ọmọ ńkọ́, ta ló bi í? Ẹ jọ̀ọ́, kí àwọn olùwádìí mú òṣùwọ̀n dání, kí wọ́n sì dúró títí ọmọ yóò fi jẹun tán.

Nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìntì,
Ògbómọ̀ṣọ́.