Owó ẹ́ńjìnì àti fọ́tò ẹja yẹn

Nottingham, England,
Ọjọ́ 22, oṣù kẹfà.

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ kú ojú lọ́nà. Ara wa le. Mo gbọ́ ohùn tí ẹ fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo gbọ́ ọ. Ẹ ní mo lówó ẹja ṣíṣeré, mi ò lówó ẹ́ńjìnì ọkọ̀ ojú omi yín. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọra. Mi ò fẹ́ pè yín kí n wá fi ìbínú fèsì, ni mo ṣe jókòó kọ ọ́.

Owó náà kò bọ́ sódò. Ìdajì tí mo fi ránṣẹ́ lóṣù kejì, ṣé ó ṣì pé lọ́wọ́ yín? Ìyókù ń bọ̀ bí oṣù yìí bá ti parí. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe, òru márùn-ún lọ́sẹ̀. Mi ò fi nǹkan kan pamọ́ fún yín.

Fọ́tò tí Ṣẹ́gun fi hàn yín, níbi tí mo ti di ẹja mú lábẹ́ omi, ńkọ́? Lọ́dún tí mo dé, mo dá gbé ìwọ̀ lọ sétí odò Trent, ẹja ọbẹ̀ ni mò ń wá. Mi ò mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ kó tó pẹja níbí. Ẹni tí wọ́n bá mú láìní i, owó ìtanràn lè tó páùn 2,500. Bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ apẹja tó ni etí odò yẹn ló rí mi. Kò pariwo, kò fẹjọ́ sùn. Ó wo bí mo ṣe so ìwọ̀, ó bi mí pé ta ló kọ́ mi. Mo ní bàbá mi ni, ní Ẹ̀pẹ́. Ó ní kí n ká a ńlẹ̀, kí n lọ gba ìwé àṣẹ, kí n wá ní Sátidé, ọjọ́ àwọn ẹni tuntun. Wọ́n yá mi lọ́pàá, wọ́n fún mi ní ìdin tí mo fi dẹ ẹ́, wọn ò gba kọ́bọ̀. Mo ti lo oṣù márùn-ún nílùú yìí nígbà yẹn, ẹ̀gbọ́n mi, kò tíì sẹ́ni tó béèrè bàbá mi lọ́wọ́ mi.

Èmi náà ló kàn báyìí. Láti ọjọ́ 15 oṣù kẹta títí di ọjọ́ 15 oṣù kẹfà, a kì í dẹ ìwọ̀ sódò, torí ìgbà tí ẹja ń yé nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá la tún bẹ̀rẹ̀, wọ́n ní kí n dúró ti àwọn tuntun. Ọmọkùnrin kan ló mú ẹja inú fọ́tò yẹn. Barbel ni wọ́n ń pè é, ó nírùngbọ̀n lẹ́nu bíi ti àrọ̀, mẹ́rin péré. Bó bá ti jà tán, ó máa ń rẹ̀ ẹ́ gan-an; béèyàn bá kàn jù ú sómi, ó lè kú. Ńṣe la máa rọra gbá a mú lábẹ́ omi, tí a kọjú rẹ̀ síbi tí omi ti ń ṣàn bọ̀, títí yóò fi fi ìrù gbá wa lọ́wọ́. Ohun tí mò ń ṣe nínú fọ́tò náà nìyẹn. Kì í ṣeré.

Ẹ ní wèrè ló ń mú ẹja tó ń dá a padà. Ẹ̀yin náà lẹ sọ fún mi pé ibi tí bàbá wa ń fi àjẹ̀ dé, àwọ̀n kì í mú nǹkan gidi níbẹ̀ mọ́, pé ẹ ní láti lọ jìnnà, ìdí tí ẹ fi ń wá ẹ́ńjìnì nìyẹn. Kí ló gbé ẹja ibẹ̀ lọ?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ìwé yìí sétí Màmá kí wọ́n tó rí fọ́tò náà. Kẹ́ ẹ sì wọn ẹ̀yìn ọkọ̀ fún mi, láti òkè níbi tí ẹ́ńjìnì yóò gbé kọ́ dé ìsàlẹ̀. Ẹni tó ń ta ẹ́ńjìnì náà ń béèrè bóyá ẹlẹ́sẹ̀ ínṣì 15 la fẹ́ tàbí 20, ìyẹn gígùn apá tó ń wọ inú omi, mi ò sì fẹ́ ká ra èyí tí kò bá a mu.

Àbúrò yín,
Kúnlé