Ẹ yẹ gìtá béèsì wò kí ẹ tó bú ọmọ tó ń ta á

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn olórí akọrin ṣọ́ọ̀ṣì ní Ògbómọ̀ṣọ́ níbí ni mo fẹ́ kí ẹ bá mi bá sọ̀rọ̀.

Ó ń dùn mí gan-an bí wọ́n ṣe ń bú àwọn ọmọ tó ń ta béèsì. Wọ́n á ní ọmọ ò gbọ́ kíì. Bẹ́ẹ̀, kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, ó ti fi túnà, ẹ̀rọ tó ń sọ bí ohùn okùn ṣe ga tó, tún okùn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe, wọ́n sì pé. Àmọ́ bí ọwọ́ rẹ̀ bá ti ń sún mọ́ ikùn gìtá, ohùn á bẹ̀rẹ̀ sí í yà kúrò lára ti dùùrù. Ìka wo ló fẹ́ tún ìyẹn ṣe?

Lẹ́yìn ọyẹ́ tó kọjá, ṣọ́ọ̀ṣì kan gbé béèsì wọn wá bá mi. Wọ́n tilẹ̀ ti ń dáwó láti ra tuntun. Mo wo ìdí rẹ̀: irin kéékèèké mẹ́rin tí okùn jókòó lé tò gbọọrọ bí ọmọ iléèwé lórí ìlà. Ẹnì kan ló tò wọ́n bẹ́ẹ̀ kó lè dára lójú. Kò yẹ kí wọ́n dọ́gba. Béèsì tó wọ́pọ̀ gùn ní íǹṣì 34 láti orí dé ìdí okùn, fírẹ́ẹ̀tì kejìlá (fírẹ́ẹ̀tì ni àwọn irin tín-ín-rín tó dábùú ọrùn gìtá) sì wà ní ìdajì, íǹṣì 17. Ṣùgbọ́n bí a bá tẹ okùn, ó ń fà, ohùn rẹ̀ á lọ sókè díẹ̀. Ti okùn E tó tóbi jù ló ń le jù, ìdí nìyẹn tí irin tirẹ̀ fi ń jìnnà sẹ́yìn ju ti okùn G tó tín-ín-rín jù lọ.

Ẹ fi ìka kan okùn fẹ́ẹ́rẹ́ lókè fírẹ́ẹ̀tì kejìlá láìtẹ̀ ẹ́, kí ẹ ta á. Ẹ wá tẹ̀ ẹ́ níbẹ̀, kí ẹ tún ta á. Túnà gbọ́dọ̀ sọ ohun kan náà. Bí èyí tí ẹ tẹ̀ bá ga jù, ẹ fi súkúrù-dìráfà fa irin náà sẹ́yìn. Bó bá wálẹ̀ jù, ẹ tì í síwájú. Ẹ dẹ okùn kí ẹ tó sún irin, kí ẹ sì tún fi túnà tún okùn náà ṣe lẹ́yìn ìsún kọ̀ọ̀kan, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ túnà á tàn yín jẹ.

Okùn tó ti dípẹtà kò ní gbọ́ ohunkóhun. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀ ná. Ọrùn gìtá náà, ẹ kọ́kọ́ wò ó, nítorí ọyẹ́ máa ń gbẹ igi rẹ̀, ọrùn á sì yí padà.

Ṣọ́ọ̀ṣì yẹn ò ra gìtá mọ́, okùn ni wọ́n rà. Àwọn tó bá sì fẹ́ ra tuntun, ẹ jẹ́ kí ẹni tó mọ̀ ọ́n yẹ fírẹ́ẹ̀tì kejìlá wò kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,
Atúngìtáṣe kan,
Sábó, Ògbómọ̀ṣọ́.