Ẹ̀rọ mi ò bàjẹ́, ilé iṣẹ́ tó ṣe é ló kọ̀ ọ́ sílẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú akitiyan lórí èdè wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi ọ̀rọ̀ yìí síta fún àwa tí à ń fi ẹ̀rọ gé káàdì ìpè, sítíkà ara ife àti orúkọ tí wọ́n ń gún sórí kéèkì. Ìsìkàn, ní Àkúrẹ́ níbí, ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, àmọ́ àwọn oníbàárà mi ń wá láti Òǹdó, Ìdànrè àti Ọ̀wọ̀.

Lọ́dún tó kọjá, ilé iṣẹ́ tó ṣe ẹ̀rọ mi kọ̀wé sí gbogbo àwa tá a rà á pé àwọn ò ní ṣe irú rẹ̀ mọ́. Wọn ò ní ta bíléèdì rẹ̀ mọ́, wọn ò ní ta pátákó alálẹ̀mọ́ tí à ń tẹ́ bébà lé mọ́, ojúlé wọn lórí íntánẹ́ẹ̀tì tá a kó àwòrán wa sí náà yóò sì di títì. Mi ò ní dárúkọ wọn, nítorí kì í ṣe àwọn nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tó dùn mí ni pé kò sóhun tó ṣe ẹ̀rọ náà. Mọ́tọ̀ rẹ̀ ṣì ń dún bó ṣe ń dún níjọ́ tí mo rà á, rọ́là rẹ̀ ò sì tíì yọ̀.

Ẹ wo ẹ̀rọ ìránṣọ Butterfly dúdú tó wà lọ́dọ̀ àwọn télọ̀. Ìyá ń fi lé ọmọ lọ́wọ́. Bí bẹ́líìtì já, wọ́n á ra òmíràn lọ́jà. Bọ́bìnì ń bẹ, abẹ́rẹ́ ń bẹ, ẹni tó ń tún un ṣe ò sì ní gbàṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tiwa ò rí bẹ́ẹ̀. Orí tábìlì wa lẹ̀rọ wà, owó wa la fi rà á, àmọ́ òkè òkun làṣẹ tó fi ń ṣiṣẹ́ ti ń wá.

Kò sì bẹ̀rẹ̀ lórí mi. Ẹ̀rọ tèmi kì í ṣe ti Cricut, ilé iṣẹ́ Amẹ́ríkà kan tó ń ṣe irú ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n ẹni tó bá wà nídìí iṣẹ́ yìí á rántí oṣù Keje ọdún 2018, nígbà tí Cricut ti Craft Room pa, ìyẹn ètò orí kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi ń darí ẹ̀rọ wọn. Àwọn tó ní ẹ̀rọ wọn tó ń jẹ́ Expression ṣì ń rí tiwọn lò, torí kátírììjì tí àwòrán wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń kì bọ̀ ọ́, kò dúró de kọ̀ǹpútà. Cricut Mini ò lè gé ohunkóhun láìsí Craft Room, bó ṣe parí fún un nìyẹn. Ní oṣù Kẹta ọdún 2021, ilé iṣẹ́ yìí kan náà kéde pé ẹni tí kò bá ń sanwó oṣooṣù ò ní lè gbé ju àwòrán 20 lọ sínú Design Space, ètò tó rọ́pò Craft Room, lóṣù. Àwọn tó ra ẹ̀rọ pariwo. Kí oṣù náà tó parí, Cricut ti yí ohùn padà. Ìdí rèé tí mi ò fi gbà pé ká kàn máa kùn láàárín ara wa.

Àwọn àwòrán ló ká mi lára jù. Bí ẹ bá gé "Adéṣọlá" lára káàdì líle fún orí kéèkì, àwọn lẹ́tà á so kọ́ra, àmọ́ àmì abẹ́ ṣ àti ti abẹ́ ọ á jábọ́ sórí pátákó, àmì ohùn á sì bá wọn lọ. Ìdí ẹ̀ nìyẹn tí ọ̀pọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi fi ń gé "Adesola" fún oníbàárà. Èmi kì í ṣe é. Orúkọ tí bàbá àti ìyá sọ ọmọ ló yẹ kó wà lórí kéèkì ọmọ. Mo ti ya odidi álífábẹ́ẹ̀tì tí àmì rẹ̀ kọ̀ọ̀kan fi ọrùn tín-ín-rín so mọ́ lẹ́tà. Ọrùn yẹn ò gbọ́dọ̀ dín ní mìlímítà kan àtààbọ̀, torí bó bá tín jù bẹ́ẹ̀, bíléèdì á fà á ya níbi tó bá ti fẹ́ yípo. Iṣẹ́ òru ni, nígbà táwọn ọmọ bá ti sùn. Gbogbo rẹ̀ ló wà lórí ojúlé tí wọ́n fẹ́ tì, ètò wọn ò sì gbà kéèyàn gbé e jáde ní SVG, irú fáìlì àwòrán tí ètò mìíràn lè ṣí.

Kí ojúlé náà tó di títì, èmi àtàwọn ọmọ iṣẹ́ mi fi ẹ̀rọ náà gé lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní títóbi lára káàdì dúdú. A lẹ̀ wọ́n mọ́ bébà funfun, a kó wọn lọ sí business center kí wọ́n bá wa síkáànì wọn. A wá ṣí wọn nínú Inkscape, ètò ọ̀fẹ́ tí kì í ní kéèyàn kọ́kọ́ forúkọ sílẹ̀, tó sì lè tọ etí àwòrán kó sọ ọ́ di ìlà. Igun lẹ́tà ń ṣe kólokòlo nígbà míì, ọwọ́ la fi ń tún ìyẹn ṣe. Ní báyìí, álífábẹ́ẹ̀tì mi wà lórí flash méjì, ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù, ọ̀kan nílé.

Kọ̀ǹpútà tí ètò ẹ̀rọ náà wà lórí rẹ̀ ò ṣe iṣẹ́ mìíràn mọ́. Kò gbọ́dọ̀ kan íntánẹ́ẹ̀tì, kò sẹ́ni tó ń wo fíìmù lórí rẹ̀, torí bí a bá ní ká tún ètò náà gbé sórí kọ̀ǹpútà tuntun, ibi tó ti ń gbàṣẹ ti di títì. Ti bíléèdì ò le: ihò rẹ̀ gba irú ti Roland, èyí táwọn tó ń ta ohun èlò síàǹbọ́ọ̀dù ní, oníwọ̀n dígírìì 45 fún sítíkà àti bébà, 60 fún káàdì tó nípọn. Pátákó alálẹ̀mọ́ ńkọ́? Omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ àti ọṣẹ la fi ń fọ̀ ọ́. Bó bá gbẹ, a ó fi tépù bo etí rẹ̀ kí gúlúù má baà dé ibi tí rọ́là ń tẹ̀, a ó wá fín gúlúù sí i fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́.

Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ ra tiyín, ẹ lọ wo ẹ̀rọ àwọn tó ń gé sítíkà ara ọkọ̀. Púpọ̀ nínú wọn gbọ́ HPGL, ìlànà tí Hewlett-Packard gbé kalẹ̀ fún ẹ̀rọ ìyàwòrán nígbà kan, ètò oríṣiríṣi sì lè bá wọn ṣiṣẹ́, tó fi mọ́ Inkscape. Bí ilé iṣẹ́ tó ṣe wọ́n bá kógbá wọlé, wọ́n á ṣì máa gé. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ní kí ẹni tó ń tà á pa dátà, kó gé nǹkan lójú yín. Bó bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ máa lọ sílé.

FCCPC, àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń rí sí ẹ̀tọ́ oníbàárà, ni ọ̀rọ̀ kàn báyìí, torí òfin tí wọ́n buwọ́ lù lọ́dún 2019 ló ní kí wọ́n dáàbò bo àwa oníbàárà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi dandan lé e pé kí àwọn tó ń ṣe ẹ̀rọ kọ ọ́ sára páálí bí ẹ̀rọ kan ò bá lè ṣiṣẹ́ láìsí íntánẹ́ẹ̀tì ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ní California, láti ọjọ́ kìíní oṣù Keje ọdún 2024, òfin ti ní kí àwọn tó ń ṣe fóònù, kọ̀ǹpútà àti ohun èlò ilé oníná tó tó 100 dọ́là máa pèsè ẹ̀yà ara àti ìwé àtúnṣe fún ọdún 7 lẹ́yìn tí wọ́n bá ṣe é kẹ́yìn. Ẹ̀yin olóṣèlú tí ẹ sì ń pín ẹ̀rọ fún àwọn ọ̀dọ́ wa, ẹ má fún ọmọ ọlọ́mọ ní ẹ̀rọ tí ẹlòmíràn lè pa láti òkè òkun.

Ẹ̀bẹ̀ kan ló kù. Ẹni tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ bá wà nílẹ̀ lọ́dọ̀ rẹ̀ ní Àkúrẹ́ tàbí Òǹdó, kó má tà á fún àwọn tó ń ra irin àlòkù. Rọ́là, bẹ́líìtì àti wáyà iná rẹ̀ ṣì wúlò fún wa. Kó kọ̀wé sí Olóòtú, a ó wá gbé e, a ó sì sanwó.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Oníkáàdì, Ìsìkàn, Àkúrẹ́