Ìdì tó le ju

Ẹ̀yin Olóòtú,

Aránṣọ ni mí n'Ìbàdàn. Mo yọ̀ ṣubú lẹ́yìn òjò, mo fi ọwọ́ ọ̀tún tẹlẹ̀. Ọrùn ọwọ́ mi tẹ̀ bí ẹ̀yìn fọ́ọ̀kì. Bàbá tó ń to eegun ládùúgbò fi pákó dì í pinpin. Kó tó di òru, èékánná mi ti ń dúdú, ìka ò mọ nǹkan kan lára mọ́. Ọmọ mi ló tú u, ó gbé mi lọ sílé ìwòsàn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ kìlọ̀ fáwọn èèyàn wa: bí ìdì bá ti ń mú ìka kú, ẹ tú u lójú ẹsẹ̀, kẹ́ ẹ sáré lọ rí dókítà!

Nílé ìwòsàn, wọ́n fi P.O.P., ìyẹn ìdì funfun tó máa ń gan, di ọwọ́ náà fún ọ̀sẹ̀ 6. Nọ́ọ̀sì ní kí n máa ká ìka, kí n máa nà án látọjọ́ kìíní. Síbẹ̀, ọwọ́ gan bí igi nígbà tí wọ́n yọ ọ́. Omi lílọ́wọ́ọ́rọ́ ni mo ń kì í bọ̀, tí mò ń fún kànìnkànìn láàárọ̀ lálẹ́. Ọjọ́ tí mo tún fi òwú bọ abẹ́rẹ́, mo sunkún.