Ẹ Jẹ́ Kí Ẹni Tó Rí Òwú Tó Já Dá Iṣẹ́ Dúró

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ sì kú làásìgbò Èkó yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi fi lẹ́tà yìí síbi tí àwọn ọ̀gá ilé-iṣẹ́ á ti rí i, torí ọ̀rọ̀ kan wà tí gbígbọ́ ẹ̀ ti sú mi. Ìgbàkígbà tí iṣẹ́ bá ti bàjẹ́, ohun tẹ́ ẹ máa gbọ́ lẹ́nu wọn ni pé òṣìṣẹ́ Nàìjíríà ò dáa, ọ̀lẹ ni wọ́n, èèyàn gbọ́dọ̀ máa ṣọ́ wọn bí ìgbà téèyàn ń ṣọ́ ewúrẹ́ nídìí iṣu. Mo ti lo ọdún 19 nídìí iṣẹ́ ìtẹ̀wé ní Ṣómólú, ẹ jẹ́ n sọ èyí tó ṣojú mi.

Ó ti ń rẹ ọ̀gá wa àgbà, ló bá fa ibi iṣẹ́ lé ọmọ ẹ̀ ọkùnrin lọ́wọ́, ọmọ tó lọ ka MBA lókè òkun, ọmọlúàbí ni o, ó máa ń kí èèyàn dáadáa, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Oṣù tó dé gan-an ló gbé bọ́ọ̀dù funfun kan kọ́ ara ògiri, ó kọ orúkọ gbogbo àwọn tó ń wa ẹ̀rọ sí i, ó kọ iye pépà tí kálukú gbọ́dọ̀ tẹ̀ lóòjọ́ síwájú ẹ̀, ó ní táágẹ́ẹ̀tì nìyẹn, ẹni tó bá kọjá ẹ̀ á gba bọ́nọ́ọ̀sì, ẹni tí ò bá dé ibẹ̀ wọ́n á yọ díẹ̀ nínú owó ẹ̀. Ó tún ra kámẹ́rà mẹ́ta, ọ̀kan dojú kọ ẹnu ọ̀nà ilé ìtọ̀, àbí kí ni wọ́n fẹ́ wò níbẹ̀?

Kò pé oṣù méjì, iye pépà lọ sókè lóòótọ́, inú ọ̀gá kékeré ń dùn. Ó wá di December, iṣẹ́ kálẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì kan wọlé, 5,000. Ẹni tó bá mọ Ṣómólú á mọ̀ pé ẹ̀rọ Kord táwa ń lò yìí, kálà kan ló ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, torí náà pépà kan náà á gba inú ẹ̀rọ kọjá lẹ́ẹ̀mẹ́rin kí àwòrán tó pé, búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú, tí ọ̀kan bá fi bíńtín yẹ̀, gbogbo ẹ̀ ti dàrú nìyẹn. Pupa ló yẹ̀. Mo wà níbi ìsìnkú ní Ìjẹ̀bú lákòókò náà, ìgbà tí mo fi máa dé, pásítọ̀ àti ìyàwó ẹ̀ ti ní ètè mẹ́rin-mẹ́rin lórí gbogbo kálẹ́ńdà pátá. Mo pe ọmọ tó tẹ pupa, mo ní ṣé o ò rí i ni? Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, mo rí i. Tí mo bá dá ẹ̀rọ dúró, ta ló máa san owó mi?" Ẹni tó tẹ yẹ́lò lé e lórí náà rí i, ẹni tó tẹ dúdú rí i, kálukú gbájú mọ́ nọ́ńbà tiẹ̀. Ọ̀fẹ́ la tún gbogbo ẹ̀ tẹ̀. Ọ̀gá kékeré wá dúró láàárín wa, ó ní ọ̀lẹ ni gbogbo wa. Ọ̀lẹ báwo? Lórí bọ́ọ̀dù ara ògiri yẹn, gbogbo wọn ló kọjá táágẹ́ẹ̀tì lọ́sẹ̀ náà!

Mo sọ ọ́ fún ọmọ mi obìnrin tó ń ka bísínẹ́ẹ̀sì ní Akọka, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní Dádì, ọ̀rọ̀ yìí ti pẹ́ nílẹ̀. Ló bá gbé ìwé ẹ̀ fún mi. Ẹnjiníà Amẹ́ríkà kan wà tó ń jẹ́ Frederick Taylor, ó máa ń gbé aago dúró ti òṣìṣẹ́ lórí láti ka ìṣẹ́jú àáyá. Ohun tóun fúnra ẹ̀ kọ sílẹ̀ ní 1911 ni pé ní ilé-iṣẹ́ irin Bethlehem, àwọn tó ń ru irin 12 tọ́ọ̀nù ààbọ̀ lóòjọ́ tẹ́lẹ̀, òun mú kí wọ́n máa ru 47 tọ́ọ̀nù ààbọ̀, owó wọn sì kúrò ní dọ́là 1.15, ó di 1.85. Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀, ẹrù fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́rin, owó ò tiẹ̀ di ìlọ́po méjì. Taylor ní kí ìrònú kúrò lọ́wọ́ òṣìṣẹ́ kó lọ sí ọ́fíìsì. Kò burú, irin ló ń sọ, irin ò ní kálà tó lè yẹ̀.

Èyí tó wọ̀ mí lára jù ni ti àwọn ará Japan. Mo rò pé mọ́tò ni ìdílé Toyoda, àwọn tó dá Toyota sílẹ̀, fi bẹ̀rẹ̀ ni, àṣé aṣọ híhun ni. Ní 1924, Sakichi Toyoda ṣe ẹ̀rọ ìhunṣọ kan tó jẹ́ pé tí òwú bá já, ẹ̀rọ á dá ara ẹ̀ dúró. Ẹni tó bá ti rí àwọn ahunṣọ Ìṣẹ́yìn rí á mọ̀ pé kò sí awo kankan níbẹ̀, òwú já, ahunṣọ á dúró, á so ó, á máa bá tiẹ̀ lọ. Ọmọ ẹ̀ wá dá ilé-iṣẹ́ mọ́tò Toyota sílẹ̀ ní 1937, èrò yẹn bá wọn débẹ̀. Wọ́n so okùn kan sókè orí àwọn tó ń to mọ́tò, ẹni tó bá ti rí nǹkan tí ò dáa á fà á, aago á dún, ọ̀gá ibẹ̀ á sáré wá, tí wọ́n bá tètè yanjú ẹ̀ iṣẹ́ ò tiẹ̀ ní dúró, tí ò bá yanjú ló ṣẹ̀ṣẹ̀ máa dúró.

Ẹ wá gbọ́ o. GM, ilé-iṣẹ́ mọ́tò ńlá Amẹ́ríkà, ní ilé-iṣẹ́ kan ní Fremont ní California, wọ́n ní òṣìṣẹ́ ibẹ̀ ló burú jù, wọn kì í wá síṣẹ́, wọ́n ń mutí nídìí iṣẹ́, wọ́n tì í pa ní 1982. Nígbà tó di 1984, Toyota àti GM jọ ṣí i padà, ọ̀pọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ yẹn náà ni wọ́n gbà, ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ kan náà, wọ́n kó lára wọn lọ sí Japan lọ kọ́ṣẹ́, wọ́n fún wọn ní okùn. Kò pẹ́ tí mọ́tò ibẹ̀ fi wà lára èyí tó dáa jù tí GM ní. Èèyàn kan náà ni o! Ṣé ọ̀lẹ yẹn wá fò lọ ni?

Mo mọ̀ pé àwọn ọ̀gá á ní tiwa níbí á fi okùn ṣeré. Òótọ́ ni, a ní ẹnì kan tó máa ń dá ẹ̀rọ dúró torí àmàlà. Ṣùgbọ́n tí ọ̀gá bá ń sọ̀ kalẹ̀ wá wò ó ní gbogbo ìgbà tó bá dá a dúró, ọjọ́ mélòó ló máa fi rí ẹ̀tàn jẹ? Ọ̀gá tí kì í sọ̀ kalẹ̀ ni wọ́n ń tàn. GM fúnra ẹ̀ gbìyànjú láti gbé okùn yẹn lọ sí ilé-iṣẹ́ ẹ̀ míì, ó pẹ́ gan kó tó mọ́ wọn lára, torí àwọn ọ̀gá gan-an ló ń bínú tí wọ́n bá fà á.

Mo lọ bá ọ̀gá àgbà nílé, mo bẹ̀ ẹ́. Bọ́ọ̀dù ṣì wà lára ògiri, àmọ́ pépà tó dáa nìkan la ń kà sí i báyìí, ẹni tó bá sì rí nǹkan lè pa ẹ̀rọ, kò sẹ́ni tó máa yọ owó ẹ̀. Lóṣù tó kọjá ọmọ tó tẹ pupa yẹn pa ẹ̀rọ lẹ́ẹ̀mejì, ti àkọ́kọ́ ò nídìí, ti ẹ̀ẹ̀kejì pílétì, irin pẹlẹbẹ tó gbé àwòrán, ló dẹ̀, ọ̀gá kékeré fúnra ẹ̀ ló sọ̀ kalẹ̀ wá bá wa dì í, íǹkì ta sí ṣẹ́ẹ̀tì funfun ẹ̀. Kámẹ́rà ilé ìtọ̀ nìkan ni wọn ò tíì yọ.

Olóòtú, ó ku ohun kan, ẹ má bínú o. Ẹ mú ìwé ìròyìn yín ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ wo àwòrán tó wà lójú ìwé àkọ́kọ́, fìlà ọkùnrin yẹn di méjì lórí ẹ̀. Ẹnì kan wà nídìí ẹ̀rọ yín lóru ọjọ́ náà tó rí i. Ẹ pè é, kẹ́ ẹ bi í ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ ìdí tí ò fi dá a dúró.

Èmi ni,
Bàbá Onítẹ̀wé,
Ṣómólú, Èkó.